Kí Bátìrì Kọ̀ọ̀kan Ní Fíyúsì Tirẹ̀

 

Ẹlòmíràn yóò ka àkọlé ọ̀rọ̀ wa yìí, yóò ní, "Háà, ṣé ìwé tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ìdìbò àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló tún ń bá wa sọ̀rọ̀ bátìrì báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni o, bátìrì ni. Ohun tó bá lè jó ilé mẹ́wàá lóru kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ìlú ni, ọ̀rọ̀ ìlú sì ni iṣẹ́ ìwé yìí. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ohun tí a ní láti sọ kò pọ̀: ẹni tó bá so bátìrì lítíọ̀mù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó fi fíyúsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fíyúsì kan ṣoṣo fún gbogbo wọn kò tó. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, àlàyé ìdí rẹ̀ ni, àti ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe nípa rẹ̀.

Báwo la ṣe dé ìdí bátìrì?

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Láti 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ni àwa àti Togo ti dá CEB sílẹ̀ kí a lè jọ máa ra iná. Láti Ghana ni iná náà ti kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà láti Nàìjíríà. Ìgbàkígbà tí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, òkùnkùn a dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2019 wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná onímẹ́gáwáàtì 127 ní Maria-Gléta, èyí sì jẹ́ ìtẹ̀síwájú. Síbẹ̀, ẹni tó ń ta omi tútù, aránṣọ, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, onígbàjámọ̀, gbogbo wọn mọ̀ pé ọjọ́ kan péré tí iná bá lọ, èrè ọ̀sẹ̀ kan lè bá a lọ.

Jẹnẹrétọ̀ la fi ń ràn án lọ́wọ́, kpayo la sì ń bu sí i. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, kpayo gbówó lórí lójijì lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣòwò rí i pé epo ti ń jẹ èrè òun tán. Kò pẹ́ sí i, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kan náà, ilé ìkẹ́pomọ́ kan gbiná ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ẹnubodè. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú, àwọn ọmọdé wà lára wọn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn wa tó ní agbára díẹ̀ ti ń sá fún epo, wọ́n ń lọ sídìí oòrùn. Pánẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé, ìnfátà lára ògiri, bátìrì lítíọ̀mù nílẹ̀. Kò pariwo, kò rú èéfín, kò béèrè epo.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Inú wa dùn sí i. Bátìrì tí wọ́n ń tà fún wa jù, èyí tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára, wà lára àwọn tí kì í tètè gbiná nínú gbogbo irú lítíọ̀mù. Ṣùgbọ́n kì í tètè gbiná kò túmọ̀ sí pé kò lè dá iná sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a sá fún iná kpayo ká wá lọ bọ́ sínú iná mìíràn.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ọ̀kan lára àwọn àdúgbò wa, arákùnrin kan tó ń ta nǹkan tútù ní bátìrì méjì. Iṣẹ́ gbèrú, ó ra ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá a ṣe é so tuntun tó kún dẹ́múdẹ́mú mọ́ méjì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Wáyà tó fi so wọ́n, irú èyí tí a fi ń so sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ni. Fíyúsì kankan kò sí láàárín wọn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, aládùúgbò rẹ̀ rí èéfín lábẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n já ilẹ̀kùn. Rọ́bà ara wáyà ti yọ́ tán, pákó tí bátìrì wà lórí rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n rí i yọ kúrò, kò sí ẹni tó kú. Ìsọ̀ aṣọ ló wà lápá ọ̀tún, ìyá kan àti ọmọ mẹ́rin ló ń sùn lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí a bi oníṣẹ́ náà, kò purọ́ fún wa. Ó ní oníbàárà ló sọ pé kí òun dín owó kù, fíyúsì sì lohun tí òun yọ kúrò, nítorí kò sí ẹni tí í béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, nítorí òtítọ́ ni. Nígbà tí a bá ń dúnàá dúrà, iye wákàtí tí fíríìsà yóò fi tutù là ń béèrè. Ta ló ti béèrè fíyúsì rí?

Bátìrì sí bátìrì

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹni tí kò rí ilé ìwé lọ náà lè yé e. Bátìrì ní orí méjì, orí pupa àti orí dúdú. Bí a bá so orí pupa mọ́ orí pupa, tí a so orí dúdú mọ́ orí dúdú, ohun tí àwọn ọmọ wa ń pè ní "parallèle" nìyẹn. Fọ́ltì kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nípamọ́ pọ̀ sí i. Bátìrì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́ltì 25.6 àti 100 Ah yóò di 300 Ah lórí fọ́ltì 25.6 kan náà, ìyẹn wáàtì-wákàtí 7,680. Ó dà bí ìgbà tí a fi páìpù so àmù mẹ́ta pọ̀ nídìí. Omi wọn á dọ́gba, wọn a sì jọ máa tú jáde lẹ́nu kan.

Ewu rẹ̀ wà nínú àmù kan náà yẹn. Bí ọ̀kan bá fọ́ nídìí, omi tirẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò dànù. Omi àwọn méjì yòókù náà yóò gba inú páìpù wọlé sínú èyí tó fọ́, yóò sì dànù pẹ̀lú. Bákan náà ni bátìrì. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ọ̀kan, tí pupa àti dúdú bá pàdé níbi tí kò yẹ, àwọn yòókù yóò da gbogbo agbára wọn lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Mélòó ni agbára yẹn? Ohun tó ń dí iná lọ́nà nínú bátìrì lítíọ̀mù kéré gan-an. Ẹ jẹ́ ká ní ó jẹ́ 0.01 óòmù. Ẹ fi 0.01 pín 25.6, ẹ óò rí ámpà 2,560 láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Méjì yóò fi ju 5,000 lọ ránṣẹ́ sí ẹ̀kẹta. Wáyà ńlá tí a fi ń so ìnfátà pàápàá, ámpà bí 200 ni ó lè gbé pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Yóò pupa bí irin inú ààrò alágbẹ̀dẹ.

Nísinsin yìí, ẹ wo ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, "Àwa ní fíyúsì o, ó wà lójú ọ̀nà ìnfátà." Ó dára, kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tó ń ti ara bátìrì kan lọ sínú bátìrì kejì kì í gba ọ̀nà ìnfátà kọjá. Fíyúsì yẹn kò ní rí i rárá. Ó dà bí ẹni tó gbé ẹ̀ṣọ́ síbi géètì, tí ìjà wá ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó wà nínú yàrá. Fíyúsì tó wà lórí bátìrì kọ̀ọ̀kan nìkan ló lè yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á tún ní, "Ẹ̀ṣọ́ wà nínú bátìrì fúnra rẹ̀." Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BMS. Ó ń ṣọ́ ọ kí ó má kún jù, kí ó má gbẹ jù, kí iná má ṣàn kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kéékèèké ló fi ń gé iná, bí àwọn ẹ̀rọ yẹn bá sì jó, ìgbà mìíràn wọ́n a ṣí sílẹ̀ gbayawu, iná a máa kọjá bí ẹni pé kò sí ẹ̀ṣọ́. BMS kò sì lè ṣe nǹkan kan nípa wáyà tó bó níta, tó kan irin. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo kò tó fún ohun tó lè pa ènìyàn.

Irú fíyúsì wo?

Gbogbo fíyúsì kọ́ ni fíyúsì. Iná tí SBEE ń tà fún wa máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ó sì ń kọjá lórí òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, bí disjoncteur bá ṣí, tí iná kékeré bá là láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì, òdo yẹn ló ń pa á. Iná bátìrì kì í lọ, kì í bọ̀. Ọ̀nà kan ló ń ṣàn sí. Bí ó bá là, ó lè máa là lọ títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi yọ́. Ìdí nìyí tí disjoncteur inú ilé, èyí tí wọ́n fi àmì ~ sí lára, kò fi gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà bátìrì. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ DC sí.

Ẹ tún wo fọ́ltì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíyúsì ọkọ̀ kò gbà ju fọ́ltì 32. Ó tó fún bátìrì 24, nítorí bí ìyẹn bá kún tán, fọ́ltì 29.2 ló wà. Ṣùgbọ́n bátìrì 48 tó kún lè dé fọ́ltì 58.4. Ẹni tó bá fi fíyúsì 32 sí i, ọ̀ṣọ́ lásán ló fi sí i.

Ohun kẹta ni iye ámpà tí fíyúsì lè gé láìbú. Èyí yàtọ̀ sí iye tó ń gbé lójoojúmọ́. Fíyúsì gíláàsì tó wà fún rédíò ọkọ̀ yóò bú gbàù bí ámpà 2,000 bá dé bá a, iná á sì máa gba inú èéfín rẹ̀ kọjá. Irú tí wọ́n ń pè ní Class T lè gé ámpà 20,000. Àwọn onídìí ọ̀bẹ tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní "à couteaux" náà dára, bí wọ́n bá kọ fọ́ltì DC sí wọn lára. Èyí tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan lára, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì mẹ́ta yẹn, fọ́ltì 25.6 àti 100 Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìnfátà 3,000 wáàtì. Nígbà tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ dé fọ́ltì 24, tí a sì yọ ohun tí ìnfátà ń jẹ dànù, ìnfátà náà yóò fa bí ámpà 139. Ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ lé e kí fíyúsì má baà já lásán: ó di bí 174. Nítorí náà, fíyúsì àpapọ̀ lójú ọ̀nà ìnfátà yóò jẹ́ 175, wáyà rẹ̀ yóò sì jẹ́ bàbà 70 mm². Kí wáyà máa lágbára ju fíyúsì lọ nígbà gbogbo, nítorí wáyà gan-an ni fíyúsì ń dáàbò bò.

Ti bátìrì kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Bí ìwé rẹ̀ bá ní kò gbọdọ̀ fúnni ju ámpà 100 lọ, fíyúsì 125 ni kí ó ní, pẹ̀lú bàbà 35 mm². Bátìrì mẹ́ta yóò pín ámpà 139 náà ní bí 46 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá já kúrò, méjì yòókù yóò gbé bí 70 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fíyúsì wọn kò sì ní já. Òwò kò ní dúró, iná kò sì ní sọ. Orí pupa ni kí fíyúsì wà, kí ó súnmọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí, kí ó má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Wáyà tó wà láàárín orí pupa àti fíyúsì kò ní olùgbèjà kankan.

Wáyà, nọ́ọ̀tì àti ìdọ́gba

Wáyà bátìrì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba, kí ó sì nípọn dọ́gba. Iná dà bí ènìyàn, ọ̀nà tó kúrú ló máa ń gbà. Bí wáyà ọ̀kan bá kúrú, bátìrì yẹn ni yóò máa ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn, òun ni yóò sì kọ́kọ́ gbó. Bí ó bá jẹ́ méjì péré, kí pupa tó ń lọ sí ìnfátà kúrò lára ti àkọ́kọ́, kí dúdú kúrò lára ti ìkẹyìn. Bí ó bá ti di mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá bàbà méjì ló dára jù, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún dúdú, kí bátìrì kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ dé orí ọ̀pá.

Ẹ fún nọ́ọ̀tì pọ̀ dáadáa. Ibi tó bá dẹ̀ díẹ̀, tí ó dí iná lọ́nà ní ìwọ̀n ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún óòmù péré, bí ámpà 150 bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ooru ibẹ̀ yóò tó wáàtì 22. Ooru irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé nìyẹn, ní ojú kan ṣoṣo, láti àárọ̀ dalẹ́. Fíyúsì kò ní já nítorí rẹ̀, nítorí iye iná tó ń kọjá kò pọ̀ jù. Ọwọ́ ènìyàn nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a so ó, kí oníṣẹ́ padà wá yẹ ẹ́ wò nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Ẹnu wáyà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Òòlù tí wọ́n fi ń gbá a kò tó.

Kí a tó so bátìrì pọ̀ rárá, kí a gba iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí yóò fi kún, kí ó sinmi, kí a sì wọn fọ́ltì rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju 0.1 lọ. A ní kí ẹ kọ́kọ́ gba iná sí i nítorí pé irú bátìrì yìí ń tan ẹni tó ń wọ̀n ọ́n jẹ: èyí tó dé ìdajì àti èyí tó ju ìdajì lọ dáadáa lè fi fọ́ltì kan náà hàn. Bí wọ́n bá kún tán ni wọ́n ń sọ òtítọ́. Kí wọ́n jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Ẹ má so lítíọ̀mù mọ́ bátìrì ásíìdì àtijọ́. Ẹ wo ìwé tó bá a wá pẹ̀lú, nítorí àwọn mìíràn sọ pé kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é, kí ó bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, kí ó fi téépù wé ara sípánà.

Ibi tí a óò gbé e sí ńkọ́? Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ mọ bí ooru Parakou ṣe ń rí lábẹ́ páànù. Kí bátìrì wà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, lórí sìmẹ́ǹtì tàbí irin. Kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tàbí epo, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà jáde. Bí ó bá ń yọ èéfín, ẹ kó ènìyàn jáde lákọ̀ọ́kọ́. Májèlé wà nínú èéfín yẹn. Ẹ pe àwọn panápaná ní 118, kí ẹ sọ fún wọn pé bátìrì lítíọ̀mù ni.

Ẹ má ronú pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lówó nìkan nìyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2025, ilé bátìrì ńlá kan gbiná ní Moss Landing ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí ènìyàn bí 1,200 fi ilé wọn sílẹ̀. Bátìrì ti ibẹ̀ jẹ́ irú mìíràn tó tètè ń gbiná ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin, wọ́n ní panápaná, wọ́n ní owó, síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀. Kí ni àwa tí ìsọ̀ wa fara kan ara wọn gbára lé?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Owó ńkọ́?" Òótọ́ ni, fíyúsì tó dára kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n owó fíyúsì mẹ́ta kò súnmọ́ owó bátìrì kan. Ẹni tó rí owó bátìrì mẹ́ta san, kó má sọ pé òun kò rí ti fíyúsì. Àwọn mìíràn yóò sì ní a fẹ́ ba iṣẹ́ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iná jẹ́. Rárá o. Àwa oníbàárà la fi ìdúnàádúrà ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá ń ṣe é dáadáa ń pàdánù iṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é ní ẹ̀dínwó. Bí gbogbo wa bá ń béèrè ohun kan náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni yóò jàǹfààní.

Nítorí náà, a gbé ohun mẹ́rin kalẹ̀ síwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ tó ń bọ̀.

Èkíní, kí mọ́ṣáláṣí wa, ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ẹgbẹ́ àti ilé àwọn ìjòyè tó ní bátìrì tí a so pọ̀ kọ́kọ́ ṣe tiwọn kí ọyẹ́ tó dé. Nígbà ọyẹ́, ohun gbogbo gbẹ, atẹ́gùn sì ń ran iná. A kò lè ní kí aránṣọ ṣe ohun tí ilé àwọn àgbà kò tíì ṣe.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ fi owó àpapọ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ẹnu wáyà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ámpà, àti fíyúsì díẹ̀ tó dára tí ọmọ ẹgbẹ́ lè rà ní iye tí a rà á. Kí ó wà ní ilé ẹgbẹ́, kí oníṣẹ́ máa yá a, kó sì dá a padà.

Ẹ̀kẹta, kí a pe gbogbo àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ iná wa jọ fún ọjọ́ kan, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù kọ́ àwọn yòókù. Kí a má pe Yorùbá nìkan o. Baatonu, Dendi, Fúlàní, Fọn, gbogbo wa la jọ ń pín ògiri. Iná kì í béèrè èdè tí ènìyàn ń sọ.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ìjòyè wa bá wa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú àti àwọn tí ìjọba yàn láti máa yẹ wáyà inú ilé wò, kí wọ́n fi bátìrì kún ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, pàápàá jù lọ nínú ọjà. A kò lọ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. A fẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Bí àwọn olóṣèlú bá sì wá bẹ̀ wá fún ìbò, tí wọ́n ń ṣèlérí pánẹ́ẹ̀lì fún ọjà, kí a bi wọ́n pé: ta ni yóò so ó, fíyúsì mélòó sì ni yóò wà níbẹ̀?

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin la ń wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí ẹ bá lọ sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni láti kí i kú oríire bátìrì tuntun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàdúrà tán, ẹ ní kó fi fíyúsì rẹ̀ hàn yín. Kò ní bínú. Bí kò bá sì rí nǹkan fi hàn yín, yóò lọ wá a, nítorí ẹ̀yin lẹ béèrè.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ka ìwé yìí, lálẹ́ òní, kí o tó sùn, tan tọ́ọ̀ṣì sí bátìrì rẹ. Ka bátìrì, ka fíyúsì. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, pe oníṣẹ́ rẹ lọ́la.

Ire o.